Ọmọ Alágbẹ̀dẹ àti Àbẹ́là Kan

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa nígbàkúùgbà tí a bá pàdé, òun sì nìyí: Báwo ni ènìyàn yóò ti ṣe kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá ìdánwò, tí kò ní ìgò àti ìwọ̀n, tí kò sì ní owó tí a lè fi rà wọ́n? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú ogójì ọmọ pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé kan ṣoṣo lọ́wọ́, tí ó sì ní láti ṣe àlàyé ohun tí ọ́síjìn í ṣe, mọ̀ bí ẹnu ti í gbẹ. A kò ní owó tí a ó fi dáhùn, ṣùgbọ́n a ní ìtàn. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ó kọ ìwé tí kò sì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ìtàn ọmọ tálákà kan ni, tí ó ka ìwé náà. Ìtàn àbẹ́là kan sì ni, tí a tàn níwájú àwọn ọmọdé.

Ní ọdún 1799 ni a dá ilé kan sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Royal Institution, ní òpópónà tí à ń pè ní Albemarle Street. Ète àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni pé kí ìmọ̀ tuntun má ṣe wà ní àhámọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n kí a máa fi í tún iṣẹ́ àti ìgbé ayé ṣe, kí àwọn ará ìlú sì máa gbọ́ ọ. Ní 1801 ni Humphry Davy dé ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ìdánwò, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń wọ́ lọ gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin pàápàá ń lọ síbẹ̀, ní ìgbà tí Oxford àti Cambridge kò tíì ṣí ilẹ̀kùn wọn fún obìnrin rárá.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni Jane Marcet. A bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1769. Oníṣòwò tí ìdílé rẹ̀ ti ilẹ̀ Switzerland wá ni baba rẹ̀, oníṣègùn tí ó fẹ́ràn kẹ́mísìrì sì ni ọkọ rẹ̀. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Davy, ó rí iná tí ń ràn àti omi tí ń yí àwọ̀ padà; ṣùgbọ́n kí ọ̀kan tó yé e, èkejì ti kọjá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣe. Kò sọ pé ẹ̀kọ́ náà ju agbára òun lọ. Ó padà sílé, ó bá ọ̀rẹ́ kan sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó gbọ́, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè, òun sì ń tún àwọn ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó tún lọ gbọ́ àsọyé, ohun tí ó ti ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ sí i. Nígbà náà ni ó rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé, bí ọ̀rọ̀ bíbá ara ẹni sọ bá ran òun lọ́wọ́, yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Báyìí ni ìwé rẹ̀ ṣe jáde ní 1806, orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Conversations on Chemistry. Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: olùkọ́ obìnrin kan tí à ń pè ní Mrs. B., àti àwọn ọmọbìnrin méjì, Emily àti Caroline. Emily jẹ́ ẹni tí ń farabalẹ̀. Ṣùgbọ́n Caroline kò tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wí bẹ́ẹ̀ láì fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Olùkọ́ náà kò bá a wí. Ó gba ìbéèrè rẹ̀, ó sì mú un láti inú ohun tí ó mọ̀ bọ́ sí inú ohun tí kò mọ̀, títí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ fi di ẹni tí ń béèrè fún un. A tẹ ìwé náà ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1853, obìnrin náà sì ń fi ohun tuntun kún un bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń rí i.

Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé náà. Ó lé ní ogún ọdún kí ó tó fara hàn níbẹ̀, nítorí a kò kà á sí ohun yíyẹ ní ìgbà náà kí obìnrin máa fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà gan-an ni ó ti ń tọrọ àforíjì pé obìnrin ni òun. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin kò tíì dáàbò bo ìwé àwọn àjèjì, àwọn òǹtẹ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ léraléra fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ lára wọn. Ọkùnrin kan, J. L. Comstock, fi ìbéèrè àti àlàyé kún un, orúkọ tirẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń rí. Ẹni tí ó gbin igi náà kò sí níbi tí a ti ń jẹ èso rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yí ojú wa nísinsin yìí sí ọmọ kan tí ó jẹ nínú èso náà. Ní 22 Oṣù Kẹsàn-án, 1791, ni a bí Michael Faraday ní Newington, ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀, àìsàn kò sì jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ní 1801, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gidigidi, ìṣù búrẹ́dì kan ni a ń fún Michael láti fi jẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó rí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 13, a fi í ṣe ọmọ tí ń jíṣẹ́ lọ́dọ̀ George Riebau, ọkùnrin kan tí ń ta ìwé tí ó sì ń di ìwé. Ní ọdún kejì ó di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún méje.

Ọ̀gá náà jẹ́ ènìyàn rere. Ó rí i pé ọmọ yìí kò fẹ́ fi ọwọ́ nìkan kan ìwé, kò sì nà án nítorí pé ó ń kàwé. Àwọn ìwé tí àwọn ọlọ́rọ̀ mú wá láti dì, Michael a ti kà wọ́n kí wọ́n tó kúrò lórí tábìlì. Nínú wọn ni ó ti ka ọ̀rọ̀ nípa agbára mànàmáná. Nínú wọn ni ó sì ti bá ìwé Jane Marcet pàdé. Kò kà á bí ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́ nítorí pé a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ó ń fi ìwọ̀nba kọ́bọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ra nǹkan kéékèèké, ó sì ń dán ọ̀rọ̀ ìwé náà wò. Ní Oṣù Kẹwàá 1858, lẹ́yìn ikú obìnrin náà, nígbà tí Faraday fúnra rẹ̀ ti di àgbà tí gbogbo ayé mọ̀, ó kọ ìwé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Auguste de la Rive ní ìlú Geneva, ó sì jẹ́wọ́ pé ìdánwò kékeré wọ̀nyí ni ó fi ọkàn òun balẹ̀, nítorí wọ́n fi hàn pé òtítọ́ ni ìwé náà ń sọ. Ó ní òun ka obìnrin náà sí olùkọ́ òun àkọ́kọ́, òun a sì máa fi ìwé tí òun bá kọ ránṣẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọrẹ ọpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ rántí èyí: ẹni tí ó gbajúmọ̀ jùlọ nínú ìmọ̀ yìí ní ọjọ́ rẹ̀ kò tijú láti sọ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Láti 1810 ni Faraday ti ń lọ gbọ́ àsọyé ní ilé ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tatum. Ṣílè kan ni owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert, tí òun náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ni ó ń fún un ní ṣílè náà. Ní 1812, ọ̀kan nínú àwọn tí ń wá sí ilé Riebau fún un ní ìwé àṣẹ láti gbọ́ Davy ní Royal Institution lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán àwọn ohun èlò tí ó rí, ọwọ́ tí ó ti fi di ìwé àwọn ẹlòmíràn ni ó sì fi di ti ara rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ yàrá ìdánwò ibẹ̀ jà, a sì lé e kúrò. Ní 1 Oṣù Kẹta, 1813, Faraday gba ipò rẹ̀: ṣílè 25 lọ́sẹ̀, àti yàrá méjì ní òkè ilé. Láti ipò ìránṣẹ́ yìí ni ó ti dìde di ẹni tí ó rí ohun tí a ń pè ní bẹ́ńsíìnì ní 1825, àti ẹni tí ó fi hàn ní 1831 bí òòfà àti wáyà ṣe ń bí agbára iná mànàmáná, èyí tí a kọ́ ẹ̀rọ ìmúná-wá lé lórí títí di òní.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí bẹ́ńsíìnì tàbí òòfà ni a ṣe ń sọ ìtàn yìí. Ní ọdún 1825 ni Royal Institution bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àsọyé fún àwọn ọmọdé ní àkókò Kérésìmesì. Láti 1827 títí dé 1860, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni Faraday fúnra rẹ̀ ṣe é. Kò gbà pé ọ̀rọ̀ dídùn kàn ń jáde lẹ́nu ẹni bẹ́ẹ̀ ni: ó san owó fún olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní ọ̀nà ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì máa ń mú kí a gbé káàdì síwájú òun tí a kọ ọ̀rọ̀ sí láti rán an létí pé kí ó rọra sọ̀rọ̀. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá nílò ìránnilétí, ta ni nínú wa tí kò nílò rẹ̀?

Ní Kérésìmesì 1860 sí 1861, nígbà tí ó di ẹni ọdún 69, ó tún jáde síwájú àwọn ọmọdé fún ìgbà ìkẹyìn. Kí ni ó gbé lọ́wọ́? Àbẹ́là. Àsọyé mẹ́fà ni ó ṣe, láti ara àbẹ́là ni gbogbo wọn sì ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ ní ilẹ̀ wa pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju eéje lọ.

Ó kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀rá tí ó yọ́ ti ṣe ń gun òwú lọ sókè láti lọ bá iná. Ó fi ohun tí ó rọrùn dáhùn: ó bu iyọ̀ jọ bí òpó sínú àwo, ó da omi iyọ̀ aláró sí ìdí rẹ̀, gbogbo ojú sì rí i bí omi náà ti ń gun iyọ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ti í gun aṣọ tí etí rẹ̀ bọ́ sínú àwo. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ àbẹ́là náà pa, ó sì mú iná súnmọ́ èéfín funfun tí ń jáde lára òwú, láì jẹ́ kí iná náà fara kan òwú; iná sì tọ èéfín náà sọ̀ kalẹ̀, àbẹ́là sì tún tàn. Nípa èyí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rá kọ́ ni ń jó, bí kò ṣe oru ọ̀rá. Ó fi hàn wọ́n pé ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ti ara èédú kéékèèké wá, tí ń gbóná yòò nínú ọwọ́ iná, èédú kan náà tí í mú ìsàlẹ̀ ìkòkò dúdú.

Nígbà náà ni ó wá dé ibi tí ẹnu ya àwọn ọmọdé. Ó gbé ohun èlò tí ó kún fún yìnyín sókè iná àbẹ́là, omi sì sẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Omi, láti inú iná! Ó ṣàlàyé pé háídírójìn wà nínú ọ̀rá àbẹ́là, pé nígbà tí ó bá jó, ó ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ dàpọ̀, àpapọ̀ méjèèjì sì ni omi tí à ń mu. Ó gba afẹ́fẹ́ tí ó ti ara àbẹ́là jáde, ó mú un kọjá nínú omi mímọ́ tí a ti fi ẹfun tí a sun sí tí a sì sẹ́, omi náà sì funfun bí wàrà. Èyí ni àmì afẹ́fẹ́ tí kábọ̀n àti ọ́síjìn pọ̀ dá. Ní ìkẹyìn ó mú ọ̀pá oníhò, ó fi ẹnu ara rẹ̀ mí sínú omi ẹfun mìíràn, òun náà sì funfun. Báyìí ni ó fi hàn pé iṣẹ́ tí àbẹ́là ń ṣe ni ara wa pẹ̀lú ń ṣe: oúnjẹ ni ọ̀rá tiwa, èémí ni ó ń gbé ọ́síjìn wọlé, ooru ara wa sì ń ti ibẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ tí a mí jáde ni ewéko sì ń gbà láti fi dàgbà. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa fífẹ́ kí àwọn ọmọ náà dàbí àbẹ́là fún àwọn tí ó yí wọn ká.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àsọyé àkọ́kọ́ tí ó kan ilẹ̀ wa. Faraday sọ bí a ti ń ṣe àbẹ́là líle: a ó fi ẹfun sísun se ọ̀rá títí yóò fi di irú ọṣẹ kan, a ó sì fi ásíìdì mú ẹfun náà kúrò, ohun funfun tí ó le yóò sì kù. Ǹjẹ́ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn ìyá wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá sẹ́ omi eérú, tí wọ́n sì fi se epo títí yóò fi di ọṣẹ dúdú? Kò sì pin síbẹ̀. Ní ọ̀rúndún náà, epo pupa láti etí òkun wa ni ilé iṣẹ́ Price àti àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò láti ṣe àbẹ́là; òwò epo yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó ní 1861, ọdún kan náà tí ìwé àsọyé àbẹ́là jáde. Epo wa lọ, ó padà wá bí àbẹ́là àti ọṣẹ tí a ń fi owó rà. Ìmọ̀ tí ó yí i padà kò bá ọkọ̀ wá. A ní láti lọ mú un wá fúnra wa.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Àwọn ọmọ tí ó jókòó ní Albemarle Street kì í ṣe ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọmọ ẹni tí ó lówó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Kérésìmesì 1855, ọkọ ọbabìnrin fúnra rẹ̀ mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wá gbọ́ Faraday. Bí Faraday bá jẹ́ ẹni ọdún 13 ní 1860, ó ṣeé ṣe kí ó má lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìwé ni ó fọ́ ilẹ̀kùn náà. William Crookes, ẹni ọdún 28, mú kí a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àsọyé náà sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu Faraday. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Chemical News, ní 1861 ó sì di ìwé odidi. A ti túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè láti ìgbà náà.

Èdè Japan wà nínú wọn. Ní ilẹ̀ náà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sọ fún ọmọ kékeré kan pé kí ó ka ìwé àbẹ́là yìí. Ọmọ náà kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí òwú fi wà láàárín àbẹ́là àti ìdí tí iná rẹ̀ fi pọ́n. Orúkọ ọmọ náà ni Akira Yoshino. Ní 2019, ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì pẹ̀lú John Goodenough àti Stanley Whittingham, nítorí bátìrì líthíọ́mù, èyí tí ń gbé agbára fún tẹlifóònù tí ó wà nínú àpò wa. Olùkọ́ náà kò fún un ní yàrá ìdánwò. Orúkọ ìwé kan ni ó fún un.

Ẹnìkan lè wí pé àbẹ́là kò tó. Pé ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá nílò ìwọ̀n, ásíìdì àti ìgò oníhò. Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí a dákẹ́ láti máa béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tí ó ní agbára láti pèsè wọn. Faraday pàápàá kò rí bẹ́ńsíìnì pẹ̀lú àbẹ́là nìkan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì kọ́ láti béèrè, bí a bá kó gbogbo ìgò ayé síwájú rẹ̀, ìgò ni yóò rí. Ohun tí Jane Marcet fún ọmọ iṣẹ́ adìwé kì í ṣe ohun èlò. Ìgboyà láti dán ọ̀rọ̀ wò ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tan àbẹ́là kan lọ́la, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n mú aṣọ àti irun wọn jìnnà sí iná. Ẹ mú ṣíbí tútù kan wọ inú ọwọ́ iná náà, kí wọ́n rí èédú. Ẹ da ojú ife gíláàsì tútù tí ó gbẹ dé sókè rẹ̀, kí wọ́n rí ìrì omi. Ẹ fẹ́ ẹ pa, kí ẹ sì fi iná mú èéfín rẹ̀. Kí ẹ má ṣe yára sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Caroline inú kíláàsì yín kọ́kọ́ béèrè, bí ìbéèrè rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yájú. Bí ọmọ kan bá sì wà lẹ́yìn kíláàsì tí aṣọ rẹ̀ ti gbó, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ẹ jẹ́ kí ó di àbẹ́là náà mú. A kò mọ ẹni tí ó jẹ́.